Fọ́tò Yìgì Mùsílíù

Àléébù kan ṣoṣo ni Mùsílíù, ẹni tó ń ta fìlà ní Ọjà-Ọba ìlú Ìlọrin, ní: òótọ́ kì í tó o. Bí nǹkan bá dára, àfi kó bù mọ́ ọn. Fìlà tí wọ́n rán lẹ́yìn ààfin níbẹ̀ yẹn, tí oníbàárà ti ń tọwọ́ bọ àpò láti sanwó rẹ̀, Mùsílíù á ní, "Mẹ́kà ni eléyìí ti wá, Alàájì." Oníbàárà á wo fìlà, á wo Mùsílíù, á sì dá fìlà padà sórí igbá.

Ọlọ́run wá ṣe é lóore kan tí kò nílò àbùmọ́. Hàlímọ̀tù, ọmọ Ìlọrin tí wọ́n tọ́ dàgbà ní Amẹ́ríkà, tó sì ti di ọmọ ìlú wọn lọ́hùn-ún, wálé wá kí ìyá rẹ̀ àgbà. Ó yà ra fìlà fún bàbá rẹ̀, ó rí Mùsílíù, ó sì fẹ́ràn rẹ̀. Títí dòní, kò sí ẹni tó mọ ìdí rẹ̀. Wọ́n so yìgì wọn ní agboolé bàbá Hàlímọ̀tù bí wọ́n ti ń ṣe é níbẹ̀: àwọn àáfà jókòó lórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, bàbá ìyàwó, tó ti Amẹ́ríkà wá, dúró fún un, ìyàwó fúnra rẹ̀ sì wà nínú yàrá ìyá rẹ̀ àgbà, làálì ọwọ́ rẹ̀ kò tíì gbẹ. Láti ojú fèrèsé ló ti gbọ́ "Àmín" tó sọ ọ́ di aya. Fọ́tò tí ọkọ àti ìyàwó jókòó pọ̀ lọ́jọ́ náà, kò sí.

Hàlímọ̀tù padà sẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì rẹ̀, ó sì bẹ ìjọba ibẹ̀ kí wọ́n fún ọkọ òun ní gíríìnkáàdì, ìwé tó máa jẹ́ kó lè máa gbé lọ́hùn-ún. Nígbà tó tún wálé, oyún dé. Bí ọjọ́ tí wọ́n máa fọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò ní ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà ní Èkó ti ń sún mọ́lé, ó tún wá, tòun ti ikùn rẹ̀, kó lè bá ọkọ rẹ̀ lọ. Ohun kan ni wọ́n ń fẹ́: kí Mùsílíù wà níbẹ̀ nígbà tó bá bímọ, kó lè fẹnu ara rẹ̀ pe ìrun sí ọmọ náà létí, bí àwọn Mùsùlùmí ti ń ṣe fún ọmọ tuntun.

"Kí la máa sọ fún wọn?" Mùsílíù bi í.

"Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni, ọkọ mi."

"Pé ìyàwó kò sí níbi ìgbéyàwó ara rẹ̀? Àlímọ̀, wọ́n á lé wa jáde!"

"Wọn ò ní lé wa. Bí wọ́n bá bi yín, ẹ ṣáà dáhùn."

Mùsílíù mi orí, ó sì gba Táíwò Road lọ, sọ́dọ̀ Bàṣírù ayafọ́tò.

"Ẹ̀gbọ́n, irú ìgbéyàwó wo lẹ fẹ́?"

"Èyí tí òyìnbó máa mọ̀. Wọ ìyàwó mi láṣọ funfun. Kó gbé òdòdó dání. Kí kéèkì ga."

"Kó ga tó ibo?"

"Kó ga jù mí lọ."

Bàṣírù sọ fún kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà sì ṣe é. Ìyanu ni, kí á má purọ́. Hàlímọ̀tù ń dán nínú gáùn, Mùsílíù wà nínú kóòtù tí kò fọwọ́ kàn rí, kéèkì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òrùlé.

"Súbúhánálláhì!" ni Mùsílíù wí. Ó wò ó títí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rántí ọjọ́ náà.

"Ẹ̀gbọ́n, ìka ọwọ́ ìyàwó yìí ń ṣe mí bíi pé wọ́n jẹ́ mẹ́fà."

"Òdòdó á bò ó."

Ó ki fọ́tò náà sáàárín àwọn ìwé wọn. Kò sọ fún ìyàwó rẹ̀.

Ní Èkó, inú gbọ̀ngàn ilé iṣẹ́ náà tutù, ó mọ́, ẹnikẹ́ni kò sì pariwo; ìyẹn gan-an ló ba Mùsílíù lẹ́rù. Obìnrin òyìnbó kan jókòó lẹ́yìn gíláàsì. Ó ní kí Hàlímọ̀tù sọ bí ìgbéyàwó wọn ṣe rí. Hàlímọ̀tù sọ ọ́: ẹní, làálì, fèrèsé, àti "Àmín" tó pa á lẹ́kún. Mùsílíù gbọ́ ọ, ẹnu sì yà á, nítorí kò mọ̀ pé nǹkan náà dùn tó bẹ́ẹ̀. Obìnrin òyìnbó náà gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀, ojú rẹ̀ rọ̀ wọ̀ọ̀.

Ó wá ṣí ìwé tó kù, ó sì fa fọ́tò yọ. "Ta wá nìyí?"

Hàlímọ̀tù wò ó pẹ́. "Orí mi ni," ó ní. "N ò mọ ẹni tó ni ìyókù."

"Ẹ̀yin ńkọ́, ọ̀gbẹ́ni?"

Àyè ṣì wà fún un láti sọ òótọ́. Àmọ́ Mùsílíù ní, "Àríyá tí a ṣe ní GRA lẹ́yìn yìgì ni."

"Ṣé ìyàwó yín wà níbẹ̀?"

"Ó wà níbẹ̀ dáadáa."

"N ò sí níbẹ̀," Hàlímọ̀tù wí jẹ́ẹ́.

Obìnrin òyìnbó náà tẹjú mọ́ òdòdó inú fọ́tò náà, ó sì rọra ń fi ìka ka nǹkan kan.

Wọ́n kọ̀ fún Mùsílíù. Wọ́n ní ó fi irọ́ wá ọ̀nà wọ ìlú àwọn, àti pé kò ní rọrùn fún un láti tún kan ilẹ̀kùn náà mọ́. Ọkọ̀ gbé wọn padà wọ Ìlọrin. Hàlímọ̀tù wá ní, "Ọkọ mi, òótọ́ wa lẹ mú fún wọn bí irọ́." Ó sì padà lọ lóun nìkan.

Lọ́hùn-ún ló bí ọmọ rẹ̀ obìnrin sí. Bàbá Hàlímọ̀tù ló pe ìrun sí ọmọ náà létí. Mùsílíù jókòó ní ìsọ̀ rẹ̀, ó tẹ fóònù mọ́ etí, ó gbọ́ ohùn àna rẹ̀, ó gbọ́ ẹkún ọmọ, ó sì gbọ́ "Àmín". Kò rí ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí fọ́tò ibi tí bàbá àgbà ti gbé ọmọ náà lọ́wọ́ dé, Bàṣírù wá kí i. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Mo lè fi yín sípò bàbá yìí, kó dà bíi pé ẹ̀yin lẹ gbé e."

Mùsílíù wo fọ́tò náà. "Rárá," ó ní. "N ò sí níbẹ̀. Ohùn wọn ni mo gbọ́."

Gbogbo ẹni tó wà ní ìsọ̀ ló gbà á gbọ́ lójú ẹsẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ ka ìtàn yìí, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé nìyí: Mùsílíù kò ṣe ayédèrú ìgbéyàwó o. Ìgbéyàwó tòótọ́ ló ní, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́ di ayédèrú, torí ó ń tijú bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé rẹ̀. Ẹ má ṣe tijú ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sí yín ní tòótọ́, kó kéré, kó má ní kéèkì. Bí wọ́n bá bi yín, ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí, kí ẹ sì dákẹ́ síbẹ̀.