Oòrùn Tozeur

Wọ́n ti pe ìrun ní ìlú Sfax, gbogbo ilé ti ń ṣínu, síbẹ̀ aago ọwọ́ tó yẹ kó gbọ̀n bí oòrùn bá ti wọ̀ kò mira. Atúnaagoṣe tó ń dá gbé fi fóònù pe Mehrez, ẹni tó kọ ètò inú aago náà tó sì fún aráyé lọ́fẹ̀ẹ́.

“Ọ̀gá, aago yín ń pẹ́.”

“Oòrùn Tozeur ló ń tẹ̀ lé, àbúrò, ìlú wa tí oòrùn ti ń pẹ́ wọ̀ ju ti Sfax lọ. Òkè òkun ni mo wà. Ìyá mi tó wà ní Tozeur ni mo ń bá ṣínu.”

“Màá tún un ṣe. Orúkọ yín ni màá kọ síwájú ètò náà.”

“Tìyá mi ni kí o kọ. Fattouma.”

Atúnaagoṣe náà kọ ọ́. Ó ku kó fi oòrùn Sfax sí i, àmọ́ ó di dàbínù mú, kò jẹ ẹ́, títí aago fi gbọ̀n.

“Bísímílà, Màmá Fattouma.”