Ìpín Tí Kò Pé

Ìgbà mẹ́ta ni ẹ̀rọ tó ń ṣètò abẹ́rẹ́ àjẹsára pín orúkọ inú ìwé ìlú wa sí ìpín-ìpín lóṣù yìí. Ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó fo ìpín ìkẹyìn, ọmọ ọwọ́ mọ́kànlélógún ni kò sì gba abẹ́rẹ́ èéyi.

Láàárọ̀ yìí, ẹ̀rọ abìyẹ́ tó ń gún abẹ́rẹ́ náà bà sí ẹnu ọ̀nà wa. Ó pe Bàbá àgbà lórúkọ, ó gún wọn lábẹ́rẹ́ tiwọn, ó sì fò lọ. Ẹ̀gbọ́n mi Bọ́lájokò ṣì gbé ọmọ rẹ̀ olóṣù mẹ́sàn-án dúró. Èéyi ti wọ àdúgbò kejì.

“Ẹni tó ń lọ ló gún,” ni Bàbá àgbà wí. “Ó fi ẹni tó ń bọ̀ sílẹ̀.”

Mo tọ Ọ̀gá Ládiméjì, alákòóso ẹ̀rọ tó ń pín orúkọ, lọ. Wọ́n ṣàlàyé pé ẹgbẹ̀rún orúkọ ni ìpín kọ̀ọ̀kan, orúkọ àwọn àgbà ló ṣíwájú, ti àwọn ọmọ ọwọ́ ló kẹ́yìn. Ìpín ìkẹyìn kì í pé ẹgbẹ̀rún, ẹ̀rọ a sì kà á sí àṣìṣe. Ọ̀gá fúnra wọn ni wọ́n pàṣẹ fún un pé kí ó máa fo àṣìṣe.

“Iṣẹ́ kò gbọdọ̀ dúró, àbúrò.”

“Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí ó dúró. Ẹ pa àṣẹ yẹn rẹ́ lójú mi, kí ẹ sì fi abẹ́rẹ́ àwọn ọmọ náà ránṣẹ́ kí oòrùn òní tó wọ̀.”