Ẹni Tó Kẹ́yìn Lọ́jọ́ Òkè Méje

Òkè méje ló wà nínú ìrìn ọjọ́ kẹrin. Àwọn tó ṣètò ìdíje kẹ̀kẹ́ náà sì ti là á mọ́lẹ̀ láàárọ̀ pé ẹni tó bá kẹ́yìn lónìí, ilé ló ń lọ. Á dá nọ́ńbà àyà rẹ̀ padà, kò sì ní bá wọn gun ọjọ́ méjì tó kù.

Gbogbo ojú ló yí sí Nọ́ọ̀sì àti Bíríkìlà. Iṣẹ́ wọn ni wọ́n fi ń pè wọ́n. Láti ọjọ́ kìíní làwọn méjèèjì ti ń du ẹ̀yìn mọ́ ara wọn lọ́wọ́.

Nọ́ọ̀sì mọ̀ pé òun ò lè lọ sílé. Ọmọ oṣù mẹ́rìndínlógún ló gbé sọ́wọ́ ìyá rẹ̀ kó tó wá, ìyá náà ò sì fọ̀rọ̀ bò fún un. "Abiyamọ tó ń gun kẹ̀kẹ́ kiri orí òkè," ló wí. "Tó o bá fi lè padà dé láìpé ọjọ́, má sọ fún mi pé ibì kan lo lọ. Ọmọ lo sá fún." Ọ̀rọ̀ yẹn ń ta á lára ju ìjókòó kẹ̀kẹ́ lọ.

Bíríkìlà ò mọ ìyẹn. Ọkùnrin gìrìwò ni, ẹlẹ́rìn-ín. Òkè gígùn máa ń já a kulẹ̀, àmọ́ tó bá di gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ìwọ̀n ara rẹ̀ á gbé e lọ bí òkúta. Nígbàkígbà tó bá fẹ́ kọjá Nọ́ọ̀sì, á fọwọ́ kan di àyà mú, á figbe ta: "Nọ́ọ̀sì, gbà mí o! Mo ń kú lọ o!" Fìrì, á ti lọ, ẹ̀rín á kù lójú ọ̀nà. Lọ́jọ́ kejì, ó ṣe é lẹ́ẹ̀mẹrin. Lọ́jọ́ kẹta, Nọ́ọ̀sì dá a lóhùn nídìí oúnjẹ.

"Ẹ̀gbọ́n, tẹ́ ẹ bá fẹ́ kú, ẹ tètè kú, ká ráyè kọjá."

Gbogbo tábìlì bú sẹ́rìn-ín. Bíríkìlà alára rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Lórí òkè kìíní àti èkejì, Nọ́ọ̀sì ló ń ṣíwájú níbi gígùn, Bíríkìlà ló ń gbà á níbi sísọ̀. Ní òkè kẹta, ọkùnrin náà tún fò ó kọjá, tòun ti igbe rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ń sọ̀ bọ̀ lẹ́yìn, ó di bíréèkì mú, ojú rẹ̀ ò kúrò lórí ọ̀dà. Ní kọ́nà kan, ó rí kẹ̀kẹ́ Bíríkìlà tó fara ti irin etí ọ̀nà. Kò rí Bíríkìlà. Ìtọ̀ ti gbọ̀n ọ́n, ló rò lọ́kàn rẹ̀.

Bó ṣe ń kọjá ló gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn irin. "Nọ́ọ̀sì! Nọ́ọ̀sì, gbà mí o!"

"Ẹ kọ́kọ́ tọ̀ tán ná," ló fi dá a lóhùn, kò sì dúró. Ọkùnrin náà tún pè é. Atẹ́gùn gbé ìyókù lọ. Nọ́ọ̀sì tẹsẹ̀ mọ́ ọn.

Nísàlẹ̀ òkè kẹrin, ọkùnrin tó ń pín omi na fóònù rẹ̀ sí i. Ẹ̀rọ kékeré kan wà lábẹ́ ìjókòó kẹ̀kẹ́ kálukú, òun ló ń fi ibi tí wọ́n dé hàn. Àmì méjì péré ló wà lẹ́yìn.

"Ẹ̀yin rèé. Bíríkìlà rèé lẹ́yìn yín, kò tó kìlómítà kan."

"Ṣé eré ló ń sá bọ̀?"

"Bẹ́ ẹ ṣe ń rìn ló ń rìn. Àfi bíi pé ẹ fokùn fà á."

Nọ́ọ̀sì ò mu omi náà tán. Ó ń gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì Agbálẹ̀ lẹ́yìn òkè. Agbálẹ̀ ni ọkọ̀ tó ń kó àwọn tó bá ti rẹ̀. Kì í kọjá ẹni tó kẹ́yìn, kì í sì í sún mọ́ ọn jù, kó má bàa já a láyà. Tí Agbálẹ̀ bá wà lọ́hùn-ún, á jẹ́ pé Bíríkìlà wà láàárín àwọn méjèèjì nìyẹn.

Ní òkè karùn-ún, iṣan fà á ní itan, kò sọ̀ kalẹ̀. Ní òkè kẹfà, èébì gbé e, ó dúró bì. Obìnrin tó ń pín ọsàn níbẹ̀ wo fóònù, ó mi orí.

"Òun náà ti dúró o."

"Ó dúró kẹ̀?"

"Ó ń fi yín ṣeré ni, àǹtí mi. Ó ń pa agbára mọ́ de gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ìkẹyìn."

Ìbínú gbé Nọ́ọ̀sì padà sórí kẹ̀kẹ́. Ó gun òkè keje pẹ̀lú eyín tó dì. Nígbà tó dé góńgó rẹ̀, ó yọwọ́ lórí bíréèkì fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ mẹ́rin, ó sì ń retí igbe yẹn létí ara rẹ̀ títí ó fi kọjá ìlà ìparí. Igbe ò wá. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ìyàwó Bíríkìlà dúró sí ìlà náà pẹ̀lú táwẹ́ẹ̀lì, ojú rẹ̀ wà lórí fóònù.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ wá fi ọkọ mi sẹ́yìn!"

"Ẹ má bínú, àǹtí. Ẹ bá mi sọ fún un pé mo ti gbà á. Mo gbà á lọ́wọ́ ọjọ́ méjì tó kù."

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. "Ó ti dé kọ́nà yẹn!" ni ìyàwó náà kígbe, ó tẹ́ táwẹ́ẹ̀lì sọ́wọ́ méjèèjì.

Agbálẹ̀ nìkan ló yọ ní kọ́nà, awakọ̀ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó gbé kẹ̀kẹ́ Bíríkìlà jáde lẹ́yìn ọkọ̀, ó sì kọjú sí Nọ́ọ̀sì: "Ẹ̀yin lẹ jọ wà níbẹ̀ láàárọ̀, mọ́tò ta ni ọkùnrin yìí wọ̀ lọ sílé, tó fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ fún mi létí irin òkè kẹta, tí mo fọn fèrè títí tí ẹnikẹ́ni ò dá mi lóhùn?"