Akẹtẹ̀ Verna

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n pè wá pé Clem ti kú, ìyàwó mi Verna gbé kọfí rẹ̀ kalẹ̀, kò mu ún mọ́.

Wọ́n ní ọmọ Clem kọ oúnjẹ.

A wakọ̀ gba inú aṣálẹ̀ lọ sí ìlú awakùsà àtijọ́ tí wọ́n ń gbé.

"Olè ni Clem," Verna ń sunkún. "Ó já akẹtẹ̀ gbà lórí mi lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa."

"Ó tún fẹnu kò ọ́ lẹ́nu."

"Má jowú òkú, jàre."

Ọmọ náà dúró láàárín títì, ó sorí kọ́. A fún un ní káróòtì, ó kọ̀ ọ́.

Verna ṣí akẹtẹ̀ tuntun tó dé, ó gbé e síwájú ọmọ náà.

Etí gígùn méjèèjì nà sókè.

Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kékeré náà jẹ ẹ́ wọ̀mùwọ̀mù, gẹ́gẹ́ bí bàbá rẹ̀ ṣe jẹ ti àkọ́kọ́.