Ìlà Ọkàn Jímọ̀ Oníjàkadì

Ẹ̀yin tí ara yín le, tí ẹ ń fọwọ́ lu àyà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ìtàn yìí dé òpin kí ẹ tó fún ẹlòmíràn kà.

Ní ọdún 1964, Jímọ̀ ń ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Ọ̀fà. Ó fẹ́ di dẹ́rẹ́bà ọkọ̀ ojú irin, wọ́n bá ní kó lọ ṣe àyẹ̀wò ara ní Ìbàdàn. Wọ́n so wáyà mọ́ ọn lọ́wọ́, lẹ́sẹ̀ àti láyà, ẹ̀rọ sì ń fa ìlà sórí bébà bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù.

Dókítà wo ìlà náà, ó mirí. "Ìlà yìí ò lọ bó ṣe yẹ. Ẹni tí tirẹ̀ bá rí báyìí, àìsàn ọkàn lè má jìnnà sí i. Ẹ fi sìgá sílẹ̀. Ẹ má ja ìjàkadì títí a ó fi tún yẹ̀ yín wò."

Jímọ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Dókítà, ọmọ Ọ̀fà ni mí! Ìjàkadì lorò wa. Ṣé bébà yín ló máa dá mi?"

Nílé, Ràfátù ìyàwó rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ títí. "Bàbá Safiyat, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn jà lọ́dún yìí."

"Kí wọ́n wá ní ẹ̀rù Gbádé tá a jọ fẹ́ jà ń bà mí? Ikú yá ju ẹ̀sín!"

Òwe gidi ni, àmọ́ ta ló fi Jímọ̀ ṣẹ̀sín?

Ọjọ́ ọdún ìjàkadì pé. Jímọ̀ gbá Gbádé mú, ó gbé e ṣánlẹ̀. Ariwo sọ! Gbádé ti dìde, ó ń gbọn eruku ara rẹ̀, nígbà tí Jímọ̀ fọwọ́ di àyà mú. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, ó ṣubú, kò sì dìde mọ́. Gbádé tí Jímọ̀ dá náà wà lára àwọn tó gbé e lọ sílé.

Níbi ìsìnkú, wọ́n ní ayé ló ṣe é. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́! Ràfátù dá wọn lóhùn: "Ayé kọ́! Wọ́n sọ fún un, ó gbọ́, kò gbà."

Lukman, àbúrò Jímọ̀, ti ń múra láti gba ipò ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lójú ìjà. Bí Ràfátù ṣe jáde opó, ó mú un wọ rélùwéè lọ ṣe àyẹ̀wò ọkàn ní Ìbàdàn. Wọ́n ní ó ti sọ ọmọkùnrin di ojo.

Ràfátù ní, "Ẹ pe Jímọ̀ ní akin, ṣé á dáhùn? Ẹ pe Lukman ní ojo, á dá yín lóhùn."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ara líle ò ní kí ọkàn má ṣàìsàn. Bí wọ́n bá ní ìlà ọkàn yín ò lọ bó ṣe yẹ, ẹ má bá bébà jà. Ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà, kí ẹ sì ṣe ohun tó bá wí. Àrùn là ń wò, a kì í wo ikú.