Ọwọ́ Méjì Ju Ọ̀kan Lọ

Tíṣà ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò fẹ̀yìn tì. Ẹ̀kọ́ nípa ìjọba ló fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ, àwọn ọmọ tirẹ̀ ló sì kù tó ń kọ́ báyìí. Láàárọ̀ Sátidé tí àkọ́bí rẹ̀ wá gbé e kó lọ simi lọ́dọ̀ òun, rédíò ló dá ìjà sílẹ̀. Ẹnì kan níbẹ̀ sọ pé ìjọba tiwantiwa ni orílẹ̀-èdè wọn ń ṣe.

"Irọ́ ni," ni àkọ́bí wí. "Ripọ́bílíìkì ni wá. Aráàlú kọ́ ló ń ṣèlú, Bàbá. Wọ́n á yan ẹnì kan, onítọ̀hún á wá máa ṣe é lórúkọ wọn. Ohun tó bá ti fọwọ́ sí, àwọn náà ti fọwọ́ sí i nìyẹn."

"Kí wọ́n má tiẹ̀ mọ̀?"

"Kí wọ́n má tiẹ̀ mọ̀. Bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, ṣebí tọmọ la fi ń jẹ́ ẹ."

"Ẹni tí mo rán níṣẹ́ kò tíì di èmi!" Tíṣà fi ọ̀pá rẹ̀ lu ilẹ̀. "Tiwantiwa ni. Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá kàn ló ń nawọ́ sókè fúnra rẹ̀."

Àbígbẹ̀yìn rẹ̀ obìnrin gbé páálí ìwé kan kọjá. Ó ní ikán ti ń wọ inú yàrá, ó ti ń kó ẹrù láti àná. Òun ló ń gbé pẹ̀lú bàbá rẹ̀. Láti ìgbà tí orúnkún Tíṣà ti kọṣẹ́, òun ló ń bá a lọ sí báńkì, sí ọ́fíìsì owó ìfẹ̀yìntì, níbi gbogbo. Tíṣà ti fọwọ́ sí ìwé níwájú lọ́yà pé ọmọ náà ni kó máa ṣojú òun, kó sì máa fọwọ́ sí ohun gbogbo lórúkọ òun.

"Bàbá ló jàre," ló wí, kò wojú ẹnikẹ́ni. "Bọ̀dá mi, ẹ tètè máa gbé wọn lọ, kí oòrùn tó mú."

Ṣùgbọ́n Tíṣà kò tíì ṣetán. Òun àti ìyá wọn ló kọ́ ilé yìí ní yàrá kọ̀ọ̀kan, inú rẹ̀ ló sì fẹ́ kú sí. Àkọ́bí kì í fi bò pé kí wọ́n tà á, nítorí àtẹ̀gùn tó ga. Àbígbẹ̀yìn ló máa ń yarí fún un. Ìdí nìyí tí bàbá fi ń sùn dáadáa.

"Ó dáa," ni Tíṣà wí, "ẹ jẹ́ ká dìbò, kọ́rọ̀ yìí lè tán. Ta ló fẹ́ ká ta ilé yìí?"

Àkọ́bí nìkan ló nawọ́. "Ẹsẹ̀ yín ni mò ń rò, Bàbá."

"Ta ni kò fẹ́?"

Tíṣà na tirẹ̀. Àbígbẹ̀yìn wo ojú fèrèsé, ó gbé páálí sílẹ̀, ó sì na tirẹ̀ náà.

"Ọwọ́ méjì ju ọ̀kan lọ!"

Àkọ́bí bú sẹ́rìn-ín. "Mo gbà. Ẹ ò ní gbọ́ ọ lẹ́nu mi mọ́ láyé."

Inú Tíṣà dùn débi pé omi lé ròrò sójú rẹ̀. Ó ní ọmọ tó ń bá a jiyàn lójúkojú, ó sì ní èyí tó ń gbè é. Ó ní kí ọmọbìnrin náà má tíì sọ ọwọ́ kalẹ̀, òun fẹ́ wò ó dáadáa. Ọkọ̀ akẹ́rù kan dúró níta.

Ọkùnrin kan tí Tíṣà kò mọ̀ rí fi kọ́kọ́rọ́ ọwọ́ rẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn, ó kọjú sí Àbígbẹ̀yìn, ó ní: "Ẹ má bínú o, Àǹtí, ṣebí ẹ ní kó tó di ìwòyí, bàbá á ti kúrò nílé wa."