Aṣọ Odò Àwẹ̀dé

Ẹ sún mọ́bí, ẹ̀yin ọmọ, kí ọ̀rọ̀ yìí lè wọ̀ yín létí. Ní ìlú Ìdí-Ìyeyè, létí odò Àwẹ̀dé, obìnrin aláró kan wà tó ń jẹ́ Àrínpé. Ó mọṣẹ́ o! Bó bá fi ìyẹ́ adìẹ ya ẹja sára àdìrẹ, ẹ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wá ata sí i. Àléébù kan ṣoṣo ló ní: kì í jẹ̀bi láéláé. Bí ọbẹ̀ rẹ̀ bá jóná, igi ìdáná ló ṣẹ̀. Bí aṣọ rẹ̀ bá ṣá, oníbàárà ni kò mọ aṣọ fọ̀.

Nígbà tí ẹja bẹ̀rẹ̀ sí í kú nínú Àwẹ̀dé, tí òórùn omi náà lé gbogbo ayé lọ sídìí ẹ̀rọ, Àrínpé ló kọ́kọ́ nàka. Ó ní, “Àwọn ará òkè odò ni. Ṣé ẹ ò mọ̀ wọ́n ni?” Bẹ́ẹ̀, gọ́tà ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ni gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ aró àti sódà tó ń bó ènìyàn lára ń gbà lọ sínú odò. Ó mọ̀ dáadáa. Ó kàn ń tan ara rẹ̀ pé omi pọ̀ ju aró lọ.

Tíṣà Gbádébọ̀, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní àwòrán yíyà, ló dá a lábàá pé kí ìlú padà bá odò rẹ̀ dọ́rẹ̀ẹ́. Ó ní kí ilé kọ̀ọ̀kan ya ohun tó rántí nípa Àwẹ̀dé sára aṣọ gígùn kan. Ẹnìkan ya ọkọ̀ bàbá rẹ̀, ẹlòmíràn ya kànìnkànìn tí ìyá rẹ̀ fi ń wẹ̀ fún un létí omi. Ẹ̀kọ láfún, tí kì í jẹ́ kí aró mu ibi tó bá wà, ni wọ́n fi yà á, Àrínpé ló sì pa á láró. Ní Ìdí-Ìyeyè, inú odò ni wọ́n ti ń fọ ẹ̀kọ yẹn kúrò lára aṣọ tuntun. Aṣọ tí odò kò bá tíì fọ̀, wọn kì í sọ ọ́ lórúkọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí aṣọ náà máa wọ odò, àlejò ń bọ̀ láti ibi gbogbo. Àrínpé fẹ́ kí ibi tí òun ti ń paró mọ́ lójú wọn. Ló bá da gbogbo ìkòkò aró sí gọ́tà, ó gbálẹ̀, ó wé gèlè, ó di etí odò.

Ẹ̀ẹ̀rùn ni, omi kò fi bẹ́ẹ̀ ṣàn. Ó rí i tí àwọ̀ aró ń rọra yọ lábẹ́ koríko, tó ń bọ̀ wá síbi tí wọ́n ti ń wọ odò gan-an. Àwọn ọmọ sì ti tò, wọ́n gbé aṣọ léjìká, wọ́n ń kọrin. Móníọlá, ọmọ-ọmọ rẹ̀, ló ṣáájú wọn. Ó ti bọ́ bàtà.

Àrínpé rántí sódà tó wà nínú aró tó dà nù. Sódà yẹn ti bó ọwọ́ ọmọṣẹ́ rẹ̀ kan rí. Bó bá sọ̀rọ̀, ojú yóò tì í lójú gbogbo ìlú. Bí kò bá sọ̀rọ̀ ńkọ́? Bóyá omi ti là á. Bóyá kò ní ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Bóyá.

Ó yíjú sí Tíṣà, ó ní, “Tíṣà, oòrùn yìí mà mú o. Ẹ jẹ́ ká sún un di ọ̀la.”

Tíṣà rẹ́rìn-ín. “Ìyá Aláró, ṣé oòrùn ọ̀la á tutù ni? Ẹ fọkàn balẹ̀, ìyá wa. Ọjọ́ yín lòní.”

“Kí àwọn àgbà kọ́kọ́ wọ̀, ó kéré tán...”

Orin ti bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Móníọlá ti ki ẹsẹ̀ bọ omi.

Igbe ta lẹ́nu Àrínpé. “Ẹ má wọ omi yẹn! Sódà wà níbẹ̀! Èmi ni mo dà á! Èmi ni, kì í ṣe ará òkè odò!” Ó bẹ́ sómi tìró-tìró, ó gbá ọmọ náà mú, ó nà án sí Tíṣà. Òun fúnra rẹ̀ yọ̀ ṣubú sínú omi kó tó jáde.

Wọ́n fi omi ẹ̀rọ ṣan ẹsẹ̀ Móníọlá, ó kàn yún un díẹ̀ ni. Ẹsẹ̀ Àrínpé ní tirẹ̀ bó yánnayànna. Kò sẹ́ni tó bú u. Wọ́n ká aṣọ wọn, wọ́n lọ gbé e kọ́ sí ilé-ìwé tẹ̀kọ-tẹ̀kọ, láìlórúkọ.

Àrínpé dí gọ́tà rẹ̀ pa, ó gbẹ́ kòtò fún gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀, ó sì bẹ àwọn aláró yòókù kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn ará òkè odò pẹ̀lú. Láràárọ̀ ló ń lọ wo omi, ẹ̀rù ń bà á pé bóyá òun ti ba odò jẹ́ kọjá àtúnṣe. Òjò rọ̀, ó tún rọ̀. Níjọ́ kan ó rí àwọn ẹja wẹ́wẹ́ lábẹ́ òkúta, ó jókòó sílẹ̀, ó sì sunkún.

Nígbà tí ìlú tún gbé aṣọ náà dé odò, aáyán ti jẹ nínú ẹ̀kọ rẹ̀. Àwẹ̀dé fọ ìyókù kúrò. Tíṣà béèrè orúkọ tí wọ́n máa sọ ọ́.

Àrínpé ló dáhùn. “Ẹ pè é ní Èmi Ni.”

Ìlú bú sẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Orúkọ tí aṣọ náà ń jẹ́ títí dòní nìyẹn.

Ẹ̀yin ọmọ, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé rèé. Ẹ má fi ọwọ́ kan ṣe odò lọ́ṣọ̀ọ́, kí ẹ fi èkejì bà á jẹ́. Bí ẹ bá sì ṣẹ̀, ẹ tètè sọ pé èmi ni, kí ọmọ ọlọ́mọ má baà fara gbá a. Àwọn àgbà ní ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀.